Bọ́ọ̀lù bà mí lábẹ́, apá kan ti wú. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aṣọ́lé_Kúbwà (Àìkú, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ forí jì mí pé ọ̀rọ̀ abẹ́ ni mo gbé wá síta, kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé. Ní ìrọ̀lẹ́ àná la gbá bọ́ọ̀lù ní pápá kan nítòsí Phase 4, èmi ni mo ń ṣọ́lé. Ẹnì kan yìn ín láti ibi tí kò jìnnà sí mi rárá, mo fò síwájú láti dí i, àárín itan mi gan-an ló bá. Mo dojú bolẹ̀, èébì ń gbé mi. Àwọn ọ̀gbẹ́ni yẹn ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn ń da píọ̀wọ́tà tútù lé mi lórí, bí ẹni pé orí ló ń dùn mí. Nígbà tó yá ó rọlẹ̀ díẹ̀, mo dìde, a sì parí eré.

Láti àárọ̀ yìí ni apá òsì ti wú. Ó ti tóbi ju apá ọ̀tún lọ dáadáa, àwọ̀ ibẹ̀ sì ti ń dúdú. Bí mo bá jókòó, ó ń fà mí títí dé ìsàlẹ̀ ikùn. Mo ń tọ̀ láìsí wàhálà, ìtọ̀ náà mọ́. Ìgbéyàwó mi kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣé kí n fi sílẹ̀ kó lọ fúnra rẹ̀ ni? Ohun tó ń já mi láyà jù ni pé, ṣé mo ṣì lè bímọ báyìí?

ỌmọỌ̀fà_Wúsè (Àìkú, 9:20 alẹ́)

Pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ ọ̀kan fún wa: ṣé bọ́ọ̀lù náà wọlé àbí kò wọlé?

Aṣọ́lé_Kúbwà (Àìkú, 9:22 alẹ́)

Kò wọlé. Kí ẹ fi mí sílẹ̀ jọ̀ọ́.

BàbáSábó_Kánò (Àìkú, 9:41 alẹ́)

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Má fòyà. Nígbà tí a ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ní Sábó Gàrí níbí, kò sí ọ̀sẹ̀ tí irú ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tó lọ sílé ìwòsàn nítorí ẹ̀. Gbé omi kaná, bu iyọ̀ sí i, ki aṣọ ìnura bọ̀ ọ́, kí o máa fi tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. Lẹ́yìn náà wá fi òrí ra á, kí o wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀ lè tú. Kó tó di ọjọ́ kẹta, o ti gbàgbé.

Nọ́ọ̀sì_Nyányà (Àìkú, 10:05 alẹ́)

Bàbá, ẹ kú alẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí mi. Omi gbígbóná kọ́ ló kàn báyìí. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn lábẹ́ awọ, bí a bá gbé ooru lé e, ọ̀nà là ń ṣí fún ẹ̀jẹ̀ láti ṣàn sí i. Ohun tútù ló yẹ. Kí ó wá yìnyín, tàbí píọ̀wọ́tà tó ti dì gbagidi, kí ó fi aṣọ wé e dáadáa, kó gbé e lé ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15, kó gbé e kúrò, kó tún padà ṣe é lẹ́yìn wákàtí kan sí méjì. Kó má gbé yìnyín lé awọ ara lásán o, á bó o. Kó dùbúlẹ̀, kó ká aṣọ ìnura sábẹ́ rẹ̀ kí ibẹ̀ lè ga sókè díẹ̀. Tó bá máa dìde rìn, kó wọ pátá tó há mọ́ra, kì í ṣe bọ́sà tó ń jù kiri. Paracetamol ni kó lò fún ìrora. Kó fi aspirin sílẹ̀, torí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá.

Ní ti wíwọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má wọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín wọ́ ọ. Róòbù àti àbóníkì kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ìyẹn bó lára, tó jẹ́ pé bíbó yẹn ló gbé e wá sílé ìwòsàn, a wá ń bá a wá ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lábẹ́ rẹ̀.

Aṣọ́lé, ìwọ ni mo ń bá wí nísinsìnyí. Bí nǹkan bá gbá ọkùnrin lábẹ́, ìrora rẹ̀ máa ń pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó yẹ kó máa lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan. Èyí tó bá lọ tó tún padà pẹ̀lú wíwú àti àwọ̀ dúdú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé mọ́. Kórópọ̀n ní èèpo funfun kan tó le, tó dì í mú. Ó lè jẹ́ pé inú rẹ̀ kàn rún lásán, ìyẹn á lọ. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn sí àyè tó yí i ká. Ó sì lè jẹ́ pé èèpo yẹn ti ya. Láti òde, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn jọ, wíwú ni. Ojú èmi náà tí mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Sikáànù nìkan ló lè sọ ọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Doppler, tó máa ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú kórópọ̀n náà.

Bó bá jẹ́ pé ó ya, tí wọ́n bá tètè ṣí i tí wọ́n rán an, láàárín wákàtí 72 àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ ni wọ́n ń rí gbà là. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, iye tí wọ́n ń yọ máa ń pọ̀ sí i gan-an. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni tìẹ ṣẹlẹ̀. Ṣe ìṣirò ẹ. Ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun ló parí.

Alábòójútó (Àìkú, 10:11 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àwòrán ibẹ̀ síbí. Ẹnì kan ti fi ti ara rẹ̀ sí i kó lè ṣe àfiwé, mo ti yọ ọ́.

BàbáSábó_Kánò (Àìkú, 10:30 alẹ́)

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́. Ìwé lẹ kà. Ṣùgbọ́n àwọn tí a fi omi gbígbóná wò nígbà náà ti bí ọmọ, wọ́n ti ní ọmọ-ọmọ.

Nọ́ọ̀sì_Nyányà (Àìkú, 10:38 alẹ́)

Òótọ́ ni, Bàbá. Àwọn tó jẹ́ pé inú rẹ̀ rún lásán nìyẹn, ì bá jẹ́ omi gbígbóná, ì bá jẹ́ omi tútù, wọ́n á yá. Àwọn tí tiwọn ya ńkọ́? Wọn kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, sà. Ẹ lè ti bá wọn jókòó nídìí ayò láìmọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Lúgbe (Àìkú, 11:02 alẹ́)

Ẹ má bínú pé obìnrin dá sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára tipẹ́.

Ọmọ aládùúgbò wa kan, ọmọ ọdún 14, gbá bọ́ọ̀lù dé láti ilé ìwé, ó ní inú ń run òun. Ìyá rẹ̀ bi í pé ibo nínú inú, ó ń fọwọ́ ṣe ìsàlẹ̀ ikùn. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní aràn ni, wọ́n fún un lóògùn aràn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní ibà ni, wọ́n gbé e lọ sí kẹ́mísìtì, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ojú ń ti ọmọ náà, kò sọ pé abẹ́ òun ló ń dùn òun, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, bàbá wà ní Port Harcourt. Ọjọ́ kẹta ni àbúrò bàbá rẹ̀ wá, tó bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ wò. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ sọ pé okùn tó so kórópọ̀n rọ̀ ló lọ́, pé ó ti kú sínú. Wọ́n yọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi ṣàlàyé ìyẹn fún wọn. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ wà níbí, tí iṣẹ́ gbé yín wá sí Àbújá tí ìdílé wà ní ìlú mìíràn, ẹ bá àwọn ọmọkùnrin yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ sọ fún wọn pé bí abẹ́ bá ń dùn wọ́n, kí wọ́n pe orúkọ ẹ̀ fún ìyá wọn.

Nọ́ọ̀sì_Nyányà (Àìkú, 11:25 alẹ́)

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Òun ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Okùn tí kórópọ̀n fi so rọ̀, òun náà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹ wo rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi sí ọgbà, bí ẹnì kan bá lọ́ ọ pọ̀, omi dúró. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Láàárín ọdún 12 sí 18 ló wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àgbà náà lè ní in. Ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan gbá a, ó lè ṣẹlẹ̀ lójú oorun tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Àwọn kan wà tí a bí tí kórópọ̀n wọn kò lẹ̀ mọ́ ògiri àpò dáadáa, ó ń fì sọ́tùn-ún sósì, tiwọn ló máa ń lọ́.

Àmì rẹ̀: ìrora òjijì ní apá kan, èébì, kórópọ̀n náà sì lè fà sókè kó dábùú. Bí wọ́n bá tú u láàárín wákàtí 6, ó ju 90 lọ nínú 100 tí wọ́n ń rí gbà là. Tó bá ti di wákàtí 24, díẹ̀ péré ló ń ṣẹ́ kù. Bí wọ́n bá tú u tán, wọ́n á rán an mọ́ ibi tó yẹ kó wà, wọ́n á sì rán èkejì náà mọ́lẹ̀, torí bí ọ̀kan ṣe rí ni èkejì sábà máa ń rí.

Wákàtí 6 nìyẹn o, ẹ sì mọ bí ọ̀nà Nyányà ṣe ń rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹni tó bá wà ní Màràrábá tó ní kí ilẹ̀ mọ́ kí òun tó jáde, wákàtí mẹ́ta ti lọ kó tó dé oríta AYA ní ẹnu ìlú.

Ẹni_Ojú_Ń_Tì (Àìkú, 11:40 alẹ́)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni. Tèmi ti apá òsì lọ sílẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Kò dùn mí. Ṣé àìsàn ni?

Nọ́ọ̀sì_Nyányà (Àìkú, 11:43 alẹ́)

Rárá. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá ọ̀pọ̀ ọkùnrin. Ẹ lọ sùn.

Tísà_Zaria (Ajé, 6:50 àárọ̀)

Haba, ìjíròrò yìí gbóná, mo sùn kí n tó rí i. Ìbéèrè kan wà tí kò sẹ́ni tó bi: ṣé irú ìgbálù yìí kì í fa jẹjẹrẹ? Ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ fún wa ní yàrá olùkọ́, ó ní ohun tó ṣe Haller, agbábọ́ọ̀lù Côte d'Ivoire, nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Nyányà (Ajé, 7:15 àárọ̀)

Kì í fà á, Tísà. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé nǹkan á gbá ènìyàn, á fọwọ́ yẹ ara rẹ̀ wò fún ìgbà àkọ́kọ́, á wá bá kókó kan tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Á di pé bọ́ọ̀lù ló fà á. Láàárín ọdún 15 sí 35 ni jẹjẹrẹ yìí máa ń mú ènìyàn jù, kò sì wọ́pọ̀ láàárín àwa adúláwọ̀ bíi ti àwọn òyìnbó. Kókó tí kì í dunni ni àmì rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn ló fi ń tan ènìyàn. Ẹni tí kórópọ̀n rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ṣọ́ra jù.

ỌmọỌ̀fà_Wúsè (Ajé, 7:31 àárọ̀)

Ẹ má dárúkọ Haller fún mi láàárọ̀ yìí. July 2022 ni wọ́n rí i lára rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Dortmund ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó gba oògùn jẹjẹrẹ, ó padà sórí pápá ní January 2023. Ta ló wá dúró dè ní Abidjan ní February 11, 2024, nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà? Àwa Nàìjíríà. Troost-Ekong ti fi orí gbá tiwa wọlé, Kessié dá a padà, Haller wá na ẹsẹ̀ ní ìṣẹ́jú 81. 2-1. Mo yọ̀ fún un pé ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yá jù lọ́jọ́ náà.

Sójà_Kàdúná (Ajé, 8:20 àárọ̀)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Ẹ jẹ́ kí n dá ọmọ náà lóhùn lórí ohun tó béèrè, torí kò sẹ́ni tó tíì dáhùn rẹ̀: ṣé ó lè bímọ?

Ọ̀kan ló wà lára èmi. Ẹṣin ló ta mí nípàá nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, nítòsí pápá pólò ní Kàdúná níbí. Èèpo rẹ̀ ya pátápátá, ẹ̀jẹ̀ kò lọ síbẹ̀ mọ́, wọ́n yọ ti apá ọ̀tún. Mi ò tíì gbéyàwó nígbà náà. Ẹ mọ ohun tí ọmọkùnrin máa ń rò. Mo rò pé ohùn mi á yí padà, irùngbọ̀n mi á já, pé nǹkan mi ò ní dìde mọ́. Kò sí ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀. Dókítà tó wò mí, ará Hausa, àgbàlagbà, sọ fún mi pé ọ̀kan tó bá yè kooro tó fún iṣẹ́ méjèèjì, ti ọmọ bíbí àti ti ara ọkùnrin. Mo bí mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, ẹni tó kẹ́yìn wà ní yunifásítì báyìí.

Mo sọ fún ìyàwó mi kí a tó ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ṣé ìyẹn náà ni o fi ń sun ẹkún?” Aṣọ́lé, sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ. Bó bá ti ẹnu ìyá rẹ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́ ọ, ìgbà náà ni wàhálà máa wà.

BàbáSábó_Kánò (Ajé, 8:44 àárọ̀)

Sójà, mo kí yín. Ẹ kú oríire. Mi ò tíì gbọ́ kí ọkùnrin sọ irú ọ̀rọ̀ yìí síta rí.

Aṣọ́lé_Kúbwà (Ajé, 5:37 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti lọ. Mo sọ fún àfẹ́sọ́nà mi láàárọ̀, òun ló wa mọ́tò. Ilé ìwòsàn tí mo forúkọ sílẹ̀ sí lábẹ́ NHIA, ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba, kọ́kọ́ ní kí n jókòó de kóòdù ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ HMO, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò náà, kí wọ́n tó lè kọ ìwé fún mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. A jókòó, jókòó, jókòó. Ọmọbìnrin yẹn dìde, ó bá wọn sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kọ síbí, a kúrò níbẹ̀, a lọ fi owó ara wa ṣe sikáànù. Owó náà kò tó iye tí mo fi ra ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé mi.

Ìyẹn gan-an ló wá ya èmi lẹ́nu. Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀, wọ́n fi aṣọ bo nǹkan yòókù, wọ́n ká aṣọ ìnura sábẹ́ ẹ, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe sọ. Wọ́n da nǹkan kan tó ń yọ̀ tó sì tutù sí i, mo fò sókè. Ọkùnrin ló ṣe é, ó ní kí n máa wò ó lójú ẹ̀rọ bí mo bá fẹ́. Apá ọ̀tún kọ́kọ́ jáde, ó rí roboto, ó dọ́gba, àwọ̀ pupa àti búlúù ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé tó ń jáde nìyẹn. Ó wá bọ́ sí apá òsì. Kò sọ̀rọ̀. Mo ń wò ó bóyá mo máa rí pupa, àyà mi ń já. Nígbà tó ṣe, ó jáde, pupa díẹ̀, búlúù díẹ̀. Mo mí.

Ohun tó wà nínú èsì: ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn sí àyè tó yí kórópọ̀n ká, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ kò ya, kò lọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń wọ inú rẹ̀. Dókítà tó wò ó lẹ́yìn náà ní ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ débi iṣẹ́ abẹ, pé ara á fà á padà díẹ̀díẹ̀. Kí n sinmi, kí n wọ pátá tó há, kí n padà wá fún sikáànù mìíràn kí wọ́n lè rí i pé ó ń dín kù. Kò sí bọ́ọ̀lù, kò sí gbígbé nǹkan tó wúwo. Ọ̀rọ̀ lọ́kọláya náà, kó di ìgbà tí kò bá dùn mí mọ́. Ó ní bí ibà bá mú mi, tàbí ó tún wú sí i, tàbí ìrora tún le, kí n padà wá lójú ẹsẹ̀.

Mo bi í nípa ọmọ bíbí. Ó ní bí ọkàn mi ò bá balẹ̀, kí n wá ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kì í ṣe nísinsìnyí.

Tísà_Zaria (Ajé, 6:10 ìrọ̀lẹ́)

Ọlọ́run ṣeun. Kí ló dé tó fi jẹ́ oṣù mẹ́ta?

Nọ́ọ̀sì_Nyányà (Ajé, 7:02 alẹ́)

Torí pé àtọ̀ tí ara ń ṣe lónìí, ó máa ń tó oṣù méjì ààbọ̀ kó tó gbó. Èyí tó bá ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti wà lọ́nà kí bọ́ọ̀lù tó gbá a. Tí ìgbà náà bá tó, kó ti sinmi ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7, kó sì gbé e dé yàrá àyẹ̀wò kíákíá. Ìlànà WHO ti ọdún 2021 fi mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan ṣe ààlà ìsàlẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kéré sí i kò tíì di àgàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àgbo fún yín nítorí ìwé kan ṣoṣo. Wọ́n á ní kó tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ kóòdù yẹn bí mi nínú. Ẹni tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, kó kọjá tààrà sí ẹ̀ka pàjáwìrì: Ilé Ìwòsàn Nàṣọ́nà láàárín ìlú, tàbí ti Yunifásítì ní Gwágwáládà bó bá wà lápá ibẹ̀. Ẹ̀yin tó wà ní Zaria, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ahmadu Bello ní Shika wà ńbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé kórópọ̀n ni, pé ìgbà báyìí ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sọ pé “inú ń run mí”.

Ìyá_Ìbejì_Lúgbe (Ajé, 7:20 alẹ́)

Àfẹ́sọ́nà yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fi káàdì ìgbéyàwó síbí o.

Sójà_Kàdúná (Ajé, 7:48 alẹ́)

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù. Kí ló dé tí aṣọ́lé kan ò fi ń wọ ohun tó ń dáàbò bo ibẹ̀? Láti ìgbà tó ti ku ọ̀kan fún mi, dókítà ní mi ò gbọ́dọ̀ ṣe eré tó ní ìgbálù láìwọ̀ ọ́. Àwọn tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ ọ́, àwọn ọmọ taekwondo ń wọ̀ ọ́.

ỌmọỌ̀fà_Wúsè (Ajé, 8:05 alẹ́)

Sà, èmi tí mò ń ta nǹkan eré ìdárayá lè dá yín lóhùn. Wọ́n ní kò jẹ́ kí àwọn sáré. Irọ́ ni, ojú ló ń tì wọ́n láti rà á. Àwọn tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ mi, àwọn oníkàráté ni. Agbábọ́ọ̀lù á wá, á yẹ ṣíìnì-gáàdì wò, á yẹ ìbọ̀wọ́ wò, á fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo èyí, á lọ. Ike líle ni, ó ní rọ́bà rírọ̀ létí, ó sì ní pátá tirẹ̀ tó ní àpò níwájú tí a ń kì í bọ̀. Ẹ má rà á láìsí pátá yẹn, torí bó bá ń yẹ̀ kiri, ike náà fúnra rẹ̀ á máa gbá yín.

Aṣọ́lé_Kúbwà (Ajé, 8:12 alẹ́)

Fi ọ̀kan pa mọ́ fún mi. Nígbà tí wọ́n bá ní mo lè padà sójú ilé, màá wá gbà á ní Wúsè. Báwo ni mo ṣe máa mọ ìwọ̀n mi?

ỌmọỌ̀fà_Wúsè (Ajé, 8:14 alẹ́)

Mú téèpù, kí o wọn ìbàdí rẹ, kí o kọ iye íǹṣì ránṣẹ́. Ìbàdí ni mo wí o. Má wọn nǹkan mìíràn, má sì fi àwòrán kankan ránṣẹ́ sí mi.